Mo Wà Lórí Ìrun

Ìgbà ìkẹyìn tí Sùlíyá gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, orí ẹní ìrun ló wà. Ìrun àsùbáà ni. Ó ti kí rákà méjèèjì, ó ti jókòó ka àtáyà ìparí ìrun tán, kò kù ju kí ó yíjú sọ́tùn-ún, kí ó yí i sósì, kí ó sálámà, kí ó dìde. Làsísì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, báàgì oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní:

“Sùlíyá, ṣé o máa bá mi lọ?”

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í, Làsísì kì í sì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ nìyẹn nídìí ẹ̀rọ ìwunṣọ ní ọ̀nà Ọba Àkran, níbi tí èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹni tó fara kàn án tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ariwo yẹn ló máa ń gbé wálé. Tó bá ní kí wọ́n bu omi fún òun, gbogbo ayálégbé yàrá mẹ́wàá tó wà nínú ilé wọn ní Ìfàkọ̀ ló máa mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ Bàbá Uswat. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tuntun ló ṣe sọ̀rọ̀.

Sùlíyá gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Kàkà kí ó sálámà, ó padà síbẹ̀rẹ̀ àtáyà, ó tún un kà. Ó parí rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á. Inú ló ń bí i. Ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀ ni Làsísì sọ fún un pé òun ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tuntun ti ìjọba, ti dé, òwú kò wọlé mọ́, ẹ̀rọ mẹ́ta nínú mẹ́rin ti dákẹ́, oṣooṣù ni wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Ó ní òun kò ní jókòó kí wọ́n wá lé òun bí ewúrẹ́, oko bàbá òun ṣì wà níbẹ̀. Sùlíyá ní kí ni òun fẹ́ lọ máa ṣe nínú oko ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ní àgékù aṣọ tí òun ń rà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ láti fi rán àpò ìrọ̀rí, ṣé inú oko lòun ti máa rí i rà? Ó ní ta ni ó bi léèrè kó tó pinnu? Ibẹ̀ ni wọ́n bá a dé tí oníkálukú kọjú sí ògiri.

Làsísì dúró sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Sùlíyá ń gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Ó dáa. Tí mo bá dé.” Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ. Ìgbà yẹn ni Sùlíyá sálámà.

Kò dé. Kí aago mẹ́wàá tó lù, Moses tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Làsísì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń tún ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ni dókítà wí. Kí ìrun àsárì ìrọ̀lẹ́ tó dé, wọ́n ti sin ín.

Ẹni tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni Ìyá Ọdúnayọ̀, ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Òun ló pàdé Làsísì nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé wá kí opó.

“Mo ní, Bàbá Uswat, Ìyá Uswat ńkọ́? Ó ní, ‘Orí ìrun ló wà. Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ kírun rẹ̀.’ Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Èmi tí mi ò kírun rí, ara mi bù máṣọ.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ìwàásù. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àfáà Suara dúró láàárín àgbàlá, ó ní kí gbogbo obìnrin fetí sílẹ̀. Ó ní, “Àwọn kan, èébú ni wọ́n fi ń sin ọkọ jáde nílé. Ìyá Uswat, ìrun ló fi sìn ín! Orí ìrun ló fi í sí lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run!” Gbogbo ilé dáhùn pé Àlùhàmúdùlílá. Sùlíyá tẹrí ba. Ohun tó ń rò ni pé bí wọ́n bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun máa kígbe.

Ta ni ó fẹ́ sọ ọ́ fún? Uswat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún Làsísì, ń gbé nílé ọkọ rẹ̀ ní Ọgbà. Ojú rẹ̀ ṣì wú. Bí ó bá sọ ọ́ fún Ìyá Ọdúnayọ̀, kó tó di alẹ́ wọ́n ti gbọ́ ọ ní Agége. Àfáà ńkọ́? Àfáà ti fi í ṣe ìwàásù.

Ìgbà náà ló rántí Tíṣà Fatimah, tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé Yorùbá ní mọ́ṣáláṣí lọ́sọ̀ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Sùlíyá ti lọ síbẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀, ó lè ka ìwé bí kò bá gùn, ó lè kọ ọ́ bí wọn kò bá kán an lójú. Tíṣà máa ń sọ fún wọn pé, “Ẹ ní ìwé kan tó jẹ́ tiyín nìkan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí yín síbẹ̀. Mi ò ní ẹ kọ àdúrà. Mi ò sì ní wò ó.” Nígbà yẹn Sùlíyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí èmi? Mo jí, mo ránṣọ, mo sùn.” Ní báyìí, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i.

Opó tó wà nínú ilé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá kì í jáde lọ ra ìwé. Inú àpótí Làsísì ló wò. Ó bá dáyárì kan níbẹ̀, aláwọ̀ ewé tó dúdú, orúkọ ilé iṣẹ́ sì wà lára rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà. Ní ìparí ọdún, wọ́n máa ń fún àwọn fọ́máànù, olórí òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí Sáàpù tó dé. Ti ọdún 1985 ni èyí. Làsísì kò kọ ohunkóhun sí i rí. Ó máa ń ní ó ti rẹwà jù, òun kò fẹ́ bà á jẹ́.

Sùlíyá wá ojú ìwé ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, torí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú nìyẹn. Ó rí i. Ṣùgbọ́n ìwé ní Jímọ̀ ni ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́rú ni Làsísì kú, lọ́dún 1989 tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yìí. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ìbẹ̀rẹ̀ pàá, ìwé ti ń bá a jiyàn. Ó fi bírò fa ìlà gba orí Jímọ̀ kọjá, ó kọ Ọjọ́rú sókè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ bírò débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé. Ó kọ ọ́ pé:

*Mo wà lórí ìrun.*

Ó gbé ọwọ́ sókè kó lè sinmi ìka rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n kanlẹ̀kùn.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ ni, Moses ló ṣaájú wọn. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, gbogbo wọn ló ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, òwú wà nínú irun wọn. Sùlíyá gbé dáyárì sórí àpótí ìjókòó bó ṣe ṣí i sílẹ̀, bírò sì wà lórí rẹ̀, ó sáré wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ wá ìbòrí tó tóbi. Kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, Moses ti tẹ̀ ba sórí àpótí náà, ó ń kọ̀wé. Mẹ́ta ti tò sẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ ṣé o, Màmá,” Moses wí, omi lójú rẹ̀. “Ẹ ṣé tí ẹ ti pèsè ìwé ìbánikẹ́dùn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí à ń lọ, wọn kì í rántí. Ẹ sì tún ti fi ọwọ́ ara yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn: ‘Mo wà lórí ìrun’!”

“Àlùhàmúdùlílá!” gbogbo wọn fọhùn.

Ó yẹ kí ó sọ pé ìwé òun ni. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa já bírò gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún? Ó dúró síbẹ̀, ó di ìbòrí rẹ̀ mú, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kọ ọ́ ní òyìnbó. Ẹnì kan ya òdòdó sí i. Mẹ́gáàdì ilé iṣẹ́ kò mọ̀ọ́kọ, ó fi bírò pa àtàǹpàkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gbàgà. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, ọjọ́ kẹjọ ti kún, ọjọ́ kẹsàn-án ti kún, orúkọ ti wọ ọjọ́ kẹwàá.

Uswat dé ní Sátidé, ó rí i.

“Màámi, ta ló ní kí wọ́n kọ nǹkan sínú dáyárì bàbá mi?”

“Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ ya á dànù.”

“Háà! Ẹ fẹ́ ya orúkọ èèyàn mẹ́rìnlá? Orúkọ àwọn tó gbé pósí—” Ó já ọ̀rọ̀ náà gé. “Àwọn tó gbé bàbá mi. Ẹ má ya á o. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ kọ síbẹ̀?”

“Ohun tó ṣẹlẹ̀.”

“Ẹ máa sọ ọ́, èmi á máa kọ ọ́. Ìwé tiyín, ẹ mọ̀ pé bí ìgbín ni.”

Uswat ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, ìwé rẹ̀ dára bí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Kí Sùlíyá tó ronú, ọmọ ti jókòó, ó ti ṣí ọjọ́ kọkànlá, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kọ ọ́ pé, bàbá rẹ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan.”

Uswat kọ ọ́. “Ó bi yín ní kí ni, Màámi? Láàárọ̀ yẹn?” Ó gbójú sókè. Omi ti lé ròrò sójú ọmọ náà. Kò mọ̀ rí pé bàbá òun sọ ọ̀rọ̀ kankan láàárọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Sùlíyá. Ó dé ẹnu rẹ̀ pátápátá. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ní:

“Ó ní ṣé kí òun ra búrẹ́dì bọ̀.”

“Búrẹ́dì!” Uswat ju bírò sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. “Búrẹ́dì, bàbá mi! Ó fẹ́ ra búrẹ́dì bọ̀ fún yín!” Ó nu ojú, ó kọ búrẹ́dì náà sílẹ̀ ní ìwé tó dára yẹn, ó tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, inú bí Sùlíyá ju bó ṣe bí i láàárọ̀ ọjọ́ ikú lọ. Ìwé tó yẹ kó gba òtítọ́ ló ti di ilé irọ́. Ojú ewé mẹ́rin nìyẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn gan-an sì ti di ohun tí gbogbo ayé fi ń yìn ín.

Búrẹ́dì kò sì dúró sínú ìwé. Uswat sọ fún Ìyá Ọdúnayọ̀. Nígbà tó fi máa di ogójì ọjọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ àfáà.

“Ẹ̀yin ọkùnrin!” Àfáà Suara wí lọ́jọ́ náà. “Nínú ọ̀wọ́ngógó yìí, nínú Sáàpù yìí, kí ló wà lọ́kàn Alágbà Làsísì kó tó jáde? Búrẹ́dì! Búrẹ́dì aya rẹ̀! Aya wà lórí ìrun, ọkọ ń ro búrẹ́dì! Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń rò?”

“Kì í ṣe búrẹ́dì.”

Láàárín àwọn obìnrin ni ohùn náà ti wá. Gbogbo ojú yí síbẹ̀.

“Kí lẹ wí, Ìyá Uswat?”

“Mo ní kì í ṣe búrẹ́dì.”

Àfáà rẹ ohùn sílẹ̀. “Kí ni, ìyá wa?”

Sùlíyá la ẹnu. Ó rí Uswat tó di ọwọ́ mọ́ àyà, ó rí Moses, ó rí mẹ́gáàdì tó fi bírò pa ọwọ́. Kó tó wí nǹkan kan, Ìyá Ọdúnayọ̀ ti gbá a mú léjìká.

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e wọlé. Ebi ni. Láti àárọ̀ kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu.”

Nínú yàrá, ó po ṣúgà sínú omi fún un, ó jókòó tì í, ó ń fi ìdí aṣọ fẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ sí i létí:

“Ìyá Uswat, ẹ bá mi sọ òtítọ́. Ṣé àkàrà ni?”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Sùlíyá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi ṣúgà fi dà sí i láyà. Ìyá Ọdúnayọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú tún bí i, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀rín yẹn níta, ìwàásù míràn ni.

Àwẹ̀ dé, àwẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ló ń gbé dáyárì náà jáde, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Ẹni tó wá kí i, ẹni tó gbé oúnjẹ ìṣínu wá, ẹni tó fẹ́ kó bá òun pa etí aṣọ kékeré kan. Obìnrin tó bá ń ránṣọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ló ń ṣe. Èyí tó bá mú bírò dání, wọ́n á ní kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ tó rí àyè ni ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde nítorí Sáàpù, níparí oṣù karùn-ún. Wọ́n ń sun táyà ní ìkóríta, ìbọn ń dún lọ́nà Ọgbà, gbogbo ilé tilẹ̀kùn. Ìyá Ọdúnayọ̀ gan-an wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó máa wá kí opó nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Sùlíyá kírun ọ̀sán, ó ti fèrèsé nítorí èéfín, ó ṣí dáyárì sí ọjọ́ kejìlá. Títí di àsárì ló fi kọ ọ́. Ìka rẹ̀ le bí igi. Ohun tó kọ nìyí:

*Mo wà lórí ìrun. Ìrun ti tán. Sálámà ló kù. Ọkọ mi bi mí pé ṣé mo máa bá òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbọ́. Inú ń bí mi. Mo ka àtáyà lẹ́ẹ̀mẹta kí n má baà dá a lóhùn. Mo fi Ọlọ́run bojú. Ó dúró dè mí. Ó lọ. Kì í ṣe búrẹ́dì.*

Ó kà á sókè, nítorí ìbọn tó ń dún kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó rò pé nǹkan kan máa ṣí kúrò láyà òun. Òtítọ́ ni, ó ṣí díẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń wo ohun tó kọ, ó rí i pé kò tíì parí. Wọ́n bi èèyàn ní ọ̀rọ̀, èèyàn sì ti jẹ́wọ́ pé òun kò dáhùn. Ìdáhùn ńkọ́? Làsísì ní, “Tí mo bá dé.” Ká ní ó dé ní aago méjì ọ̀sán, tó bọ́ bàtà, tó tún bi í, kí ni ì bá sọ? Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *Mo fẹ́ sọ fún un pé*.

Ó fẹ́ kọ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ, nítorí irọ́ ni. Kò fẹ́ lọ nígbà náà. Ó fẹ́ kọ “rárá”. Ìyẹn náà kò lọ. Ṣé òun máa jẹ́ kí ọkùnrin yẹn dá lọ sí oko, kó máa pariwo ‘Ẹ bu omi fún mi’ nínú ilé tí kò sí ẹnì kankan? Ó fi bírò sílẹ̀. Ó ní títí oṣù á fi pé, òun á ti mọ̀ ọ́n.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé. Wọ́n wẹ̀ fún un, wọ́n wọ aṣọ míràn fún un. Muhydeen, àbúrò Làsísì, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá fún ti ìjáde opó. Lẹ́yìn àdúrà, ó fa àga súnmọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi pé Sùlíyá ní láti wo ibòmíràn.

“Ìyàwó wa,” ó wí, “yàrá bọ̀ọ̀dá wà nílé, a ti kùn ún. Oko náà wà níbẹ̀. Ṣé ẹ máa bá mi lọ?”

Uswat ń wò ó. Ìyá Ọdúnayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo lọ́wọ́. Ọjọ́ yìí, kò sí lórí ìrun. Kò sí ibi tó máa sá sí.

“Ọkọ mi,” Sùlíyá wí, “ẹ fún mi láyè díẹ̀.”

Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó ṣí dáyárì, ó mú bírò. Wọ́n ń retí rẹ̀ níta, ó ń gbọ́ wọn. Muhydeen gbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Ó dáa. Kò sí ìkánjú. Tí ẹ bá ti rò ó tán, ẹ ránṣẹ́ sí mi.” Ó wọkọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti ìgbà yẹn, Sùlíyá ti kọ ojú ìwé mẹ́tàdínlógójì sínú dáyárì náà. Ó kọ nípa àgékù aṣọ tó ti wọ́n. Ó kọ nípa ọjọ́ tí wọ́n ti géètì ilé iṣẹ́ pa. Ó kọ nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Kò tíì ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lójú ìwé ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, *Mo fẹ́ sọ fún un pé* ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì kọ ìyókù.